Aago Tí Ẹnikẹ́ni Kò Wọ̀

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Ìdáàṣà mọ̀ pé eré ló pọ̀ lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo fi ọ̀pọ̀lọ́ sínú àpò katikísìtì, olùkọ́ ìjọ wa. Èmi ni mo máa ń fi ohùn ìyá àgbà ilé kejì pe ewúrẹ́ rẹ̀, tí wọ́n á wá tò sẹ́nu ọ̀nà wa bí àwọn tó fẹ́ gba Ara Olúwa. Ṣùgbọ́n n kì í lè sẹ́ ohun tí mo bá ṣe. Ẹ̀rín ló máa ń tú àṣírí mi. Kí wọ́n tó bi mí lẹ́ẹ̀kejì, mo ti ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ aago yìí kò pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ lè fi ìyẹn mọ̀ pé òótọ́ ni.

Léa ni orúkọ mi. Mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ tipẹ́, mo ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ nítòsí ọjà. Àwa mẹ́ta là ń gbé ilé wa: èmi, Ìyá, àti ẹ̀gbọ́n mi Ignace, tí mo ń pè ní Fofó, bí a ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin níbí. Ilé náà wà nísàlẹ̀ òkè. Àpáta sún mọ́ ẹ̀yìn ilé débi pé Ìyá máa ń sá gbágùúdá lórí rẹ̀. Bí oòrùn bá wọ̀, àpáta náà ṣì máa ń gbóná fún ìgbà díẹ̀, bí ara ènìyàn.

Ìbejì ni Fofó. Éloi ni èkejì rẹ̀. Ibà gbé Éloi lọ nígbà tí àwọn méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín, kí wọ́n tó bí mi. Wọ́n sin ín. Ṣùgbọ́n a kì í sọ níbí pé ìbejì kú. A máa ń ní ó lọ ṣẹ́gi. Bí àlejò bá bi Ìyá léèrè ọmọ rẹ̀ kejì, èsì rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. "Ó lọ ṣẹ́gi."

Ìyá kò sì ra ẹyọ nǹkan kan fún Fofó rí. Bó bá ra ẹ̀wù, méjì ni. Bó bá ra fìlà, méjì ni. Ti Éloi á wà lórí ìṣó lára ògiri yàrá Fofó títí ọdún á fi yípo, Ìyá á wá fún ọmọ ẹlòmíràn lẹ́yìn Mísà, á sì ra tuntun kọ́ síbẹ̀. Bí Fofó ṣe ń ga, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀wù Éloi ń tóbi. Mo dàgbà bá ẹ̀wù yẹn lórí ìṣó. Kò bà mí lẹ́rù rí.

Lọ́dún tó kọjá, Fofó ta oko kajú tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún un ní Kpingni. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ gbágùúdá ló fẹ́ rà, kó lè jókòó sílé kí àwọn obìnrin máa gbé gbágùúdá wá bá a. Owó oko kò tó ẹ̀rọ àti ilé tí yóò fi í sí. Ó ti ń wo àwọn ọkùnrin kan lórí fóònù rẹ̀. Wọ́n ń sọ pé irú aago ọwọ́ kan wà láti ilẹ̀ Suwisi, tí ẹni tó bá rà á, tí kò bá wọ̀ ọ́, yóò tà á ní ìlọ́po méjì lọ́jọ́ iwájú. Fofó lọ sí Kútọnù. Ó gbé àpótí kékeré kan bọ̀.

Ó ṣí i níwájú Ìyá lórí tábìlì. Aago náà dùn ún wò. Ojú rẹ̀ dúdú bí omi kànga, awọ dúdú ni okùn rẹ̀, ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì wà lára rẹ̀.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án o," ni Fofó wí.

"Ó dára," ni Ìyá wí. "Ìgbà wo lo máa wọ̀ ọ́?"

"N kò ní wọ̀ ọ́."

"O ra aago, o ò ní wọ̀ ọ́?"

"Bí mo bá wọ̀ ọ́, iye rẹ̀ á já. Owó tó ń bímọ nìyí, Ìyá. Ẹ jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́. Tó bá yá, màá tà á, màá ra ẹ̀rọ, màá kọ́lé sí i."

"Bí adìẹ tó sàba," ni mo wí. "Fofó, ṣé kí n bu àgbàdo sí i?"

Ó ju bàtà lù mí. Kò bà mí. Ìyá kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹyọ kan lo rà?"

"Ìyá, ṣé ẹ mọ iye rẹ̀ ni?"

"Mo ní, ẹyọ kan lo rà?"

Fofó pa àpótí náà dé.

Ó tì í mọ́ inú àpótí irin tó wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sí okùn ọrùn rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì Màríà. Lọ́jọ́ yẹn ló ṣàlàyé aago náà fún mi. Kò ní píìlì nínú bíi ti tọ́ọ̀ṣì. Apá ẹni tó wọ̀ ọ́ ló ń fún un lágbára. Bí apá náà bá ń jù síwá sẹ́yìn, aago á máa ṣiṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni kò bá wọ̀ ọ́, tó bá tó bí ọjọ́ méjì, á dákẹ́.

"Kò léwu," ni Fofó wí. "Ṣe ni yóò sùn."

Ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀. Eruku bo òkè, a kì í rí orí rẹ̀ mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Fofó ní òun fẹ́ wo aago òun. Mo ń gbálẹ̀ níta. Mo gbọ́ tí àpótí irin ké. Lẹ́yìn náà, n kò gbọ́ nǹkan kan.

"Léa."

Mo wọlé. Ó gbé aago náà lé àtẹ́lẹwọ́. Ó ń ṣiṣẹ́. Ohùn rẹ̀ kéré bíi ti kòkòrò tó ń jẹ igi. Fofó wo fóònù rẹ̀. Àkókò kan náà ni.

"Ta ló fún ọ ní kọ́kọ́rọ́?"

"Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn yín."

"Mo béèrè ni."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Owú ni mo kọ́kọ́ jẹ. Mo rò pé ẹnìkan wà tó mọ eré í ṣe jù mí lọ. Mo dúró kí ẹ̀rín wá. Kò wá. Fofó wo ojú mi títí, kò rí ohun tó ń wá níbẹ̀, èyí tún bí i nínú.

"Bí mo bá tún ṣí i tí mo bá a tó ń ṣiṣẹ́," ó wí, "ilé Tántì Blandine, àbúrò bàbá wa, lò ń lọ. Ní Paouignan. Kí o máa sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀sì, kí o máa ta gààrí lójú fèrèsé."

Ìyá wà lẹ́nu ọ̀nà, igbá wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹni tó ń ṣẹ́gi kì í jókòó," ó wí. Ó kọjá sẹ́yìn ilé.

N kò fẹ́ lọ sí Paouignan. Nítorí náà, mo ṣe ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo fi ọ̀rá wé ọwọ́, mo ha èèdú ìdí ìkòkò, mo pò ó mọ́ epo, mo fi pa àpótí irin náà níbi gbogbo tí ọwọ́ lè kàn: ọwọ́ ìdìmú, ìdérí, àgádágodo. Mo ti fi irú rẹ̀ pa ilẹ̀kùn katikísìtì rí. Ọ̀sẹ̀ kan ni èèdú náà fi máa ń bá ènìyàn gbé. Fofó dúró tì mí títí mo fi parí, ó ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dúdú ló ni ìwà náà.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Fofó á wo ọwọ́ wa. Ó wo tèmi. Ó wo ti Ìyá. Ó wo tirẹ̀ náà, nítorí mo ti sọ fún un pé bóyá òun fúnra rẹ̀ ló ń dìde lójú oorun. Ọwọ́ gbogbo wa mọ́. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, a jọ kúnlẹ̀ wo àpótí irin. Èèdú náà wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Eruku ọyẹ́ ti bà lé e. Kò sí ojú ìka kankan níbẹ̀.

Fofó ṣí i. Òun nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ dúdú nínú ilé wa.

Aago náà ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà kò sí lára rẹ̀ mọ́. Ihò kan lára okùn rẹ̀ ti fẹ̀, awọ ibẹ̀ sì ti ní ìlà, bí bẹ́líìtì ṣe máa ń ní ìlà níbi tí ènìyàn ń dè é sí lójoojúmọ́. Òórùn igi tútù ń jáde lára rẹ̀, bí igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ́.

Ojú Fofó ti yí padà. Oko Kpingni ló ń wò níbẹ̀, gbogbo igi kajú ibẹ̀, tó ń run díẹ̀díẹ̀.

"Na ọwọ́ rẹ," ó wí.

Ó dè é mọ́ mi lọ́wọ́ níbi ihò yẹn. Ó ń yọ̀ lọ, ó ń yọ̀ bọ̀. Ọwọ́ Ìyá kéré ju tèmi lọ. Fofó wá na ọwọ́ ara rẹ̀. Kò fẹ́ ṣe é. Mo rí i pé kò fẹ́. Ó dè é.

Kò há, kò ṣò.

Níta, ọyẹ́ ń fẹ́ ewé gbígbẹ lórí àpáta, ó ń dún bí ẹsẹ̀ ẹni tó ru ẹrù.

Lẹ́yìn ìyẹn, Fofó kò dárúkọ Paouignan mọ́. Ó ní kí òun tà á kíákíá, kí gbogbo iye rẹ̀ tó ṣòfò. Ó pe ọkùnrin kan ní Kútọnù tó máa ń ra irú aago bẹ́ẹ̀. Lambert ni orúkọ rẹ̀. Ó ń lọ sí Parakou, ó ní òun á yà.

Mùsíé Lambert dé lọ́sàn-án, bàtà rẹ̀ ń dán. Ìyá gbé omi fún un. Ó jókòó sórí ibùsùn Fofó nínú yàrá, nítorí ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ fèrèsé wà. Fofó ṣí àpótí, ó gbé aago náà lé e lọ́wọ́. Ọkùnrin náà wò ó níwájú, ó wò ó lẹ́yìn.

"Arákùnrin mi, ta ló ń wọ̀ ọ́?"

"Kò sí ẹni tó ń wọ̀ ọ́."

"Iṣẹ́ mi nìyí o. Ẹni yìí ti ń wọ̀ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún."

"Èèrùn tó kọjá ni mo rà á."

Mùsíé Lambert fẹ́ fèsì. Ó yí aago náà padà, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, bí ìyá ṣe máa ń wò ó bóyá ara ọmọ gbóná.

"Ó lọ́wọ́ọ́rọ́," ó wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ta ló bọ́ ọ sílẹ̀ báyìí?"

Ó gbé e sórí ibùsùn. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ṣòkòtò. Síbẹ̀ ọlọ́jà ni, ó dárúkọ iye kan. Kò ga, ṣùgbọ́n ó tó ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ àlòkù ni, kò ní sí ilé, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni. Mo mọ̀ pé Fofó yóò gbà.

Ìgbà náà ló gbójú sókè wo ògiri. Èmi náà wò ó.

Ẹ̀wù Éloi wà lórí ìṣó, ẹ̀wù funfun alápá gígùn tí Ìyá rà nígbà Kérésìmesì. Apá ọ̀tún rẹ̀ nà sílẹ̀ dáadáa. Apá òsì ti ká sókè díẹ̀, ó ká dọ́gba, bí apá ẹ̀wù ẹni tó ní aago tuntun tó fẹ́ kí ayé rí i.

Mo wo Ìyá. Ó mi orí. Kì í ṣe òun.

Fofó gbé aago náà padà sínú àpótí. "Ẹ má bínú, Mùsíé," ó wí. "Kì í ṣe tèmi nìkan láti tà."

Mùsíé Lambert kò bẹ̀ ẹ́. Ó dìde bí ẹni tí ara tù. Kò mu omi rẹ̀ tán.

Bí ẹ̀rọ ṣe lọ nìyẹn. Oko ti lọ ṣáájú. Fofó ń bá àwọn ènìyàn ro oko ní Gbaffo báyìí, ó ń gba owó ojúmọ́. Kì í ráhùn. Àpótí irin náà ṣì wà ní títì, ṣùgbọ́n kì í ṣí i wò mọ́. Ilé wa pa rọ́rọ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni n kò lè fara dà. Ẹni tó ń ṣeré kò lè gbé ilé tí wọn kì í pariwo lé e lórí.

Mo lọ bá Ràsáàkì, tó ń ta aago àti gíláàsì ojú lórí tábìlì kan nínú ọjà. Mo ra aago oníke pupa kan, onípíìlì. Kí n tó gbé e fún Fofó, mo sún ọwọ́ rẹ̀ síwájú ní ìdajì wákàtí.

"Ẹ gbà, Fofó. Ó ti pé méjì báyìí."

Ó wò mí. Mo rò pé bàtà ń bọ̀. Ó dè é mọ́ ọwọ́, ó rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí eyín rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ó wo aago rẹ̀, ó sáré jáde láìjẹun, ó ní Mísà ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìyá pàápàá kò tíì wẹ̀. Ó dé ṣọ́ọ̀ṣì, ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ibẹ̀ bi í bóyá ibẹ̀ ló sùn. Nígbà tí a dé, tó rí ojú mi, ó mọ̀. Ẹ̀rín ti tú àṣírí mi. Lẹ́yìn Mísà, ó lé mi yí àpáta ẹ̀yìn ilé ká títí Ìyá fi ní kí a má pa òun lẹ́rìn-ín kú.

Ọ̀sán yẹn dákẹ́. Ìyá sùn. Mo ń gán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ kan. Mo gbọ́ tí àpótí irin ké. N kò mọ ohun tó mú Fofó ṣí i lọ́jọ́ yẹn. Bóyá nítorí pé ó ti rẹ́rìn-ín.

"Léa."

Mo lọ. Aago Éloi wà lórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Aago pupa wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Fóònù wà lórí ibùsùn. Mo wo fóònù. Mo wo àwọn aago méjèèjì.

Aago Éloi ti fi ìdajì wákàtí ṣíwájú. Ọwọ́ rẹ̀ àti ti aago pupa wà lójú kan náà gẹ́lẹ́.

"Léa," ni Fofó wí jẹ́jẹ́. "Ìwọ ni, àbí?"

Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ń wò mí bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó lè gbà pé èmi ni. Mo ya ẹnu mi.

Ẹ̀rín kò wá.