Fìtílà Onídígí Ilé Shehu

"Wọ́n ní fìtílà òyìnbó tí Shehu rà ní ìdíkọ̀ rélùwéè..."

"Ó ṣe kí ni?"

"Wọ́n ní ó fò sórí ẹní! Alfa Àbdùlgàfárù sì sọ pé..."

"Pé haramu ni, àbí? Èmi náà gbọ́ ọ lọ́nà ọjà Ìpátá. Pé ilé tó bá tún tàn án..."

Rùkáyátù, ọmọ Shehu, gbé ìkòkò omi rẹ̀ kọjá lára àwọn obìnrin méjì tó ń sọ̀rọ̀ náà. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé etí Bàbá, fìtílà lọ nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ló sì fi ń ka wàláà kéú rẹ̀ lẹ́yìn ìrun mọ̀gáríbì, torí iṣẹ́ ilé kì í jẹ́ kó ráyè lọ́sàn-án. Súrà díẹ̀ ló kù kó parí kéú.

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, nígbà tí iná fìtílà ń kú lọ, tí Rùkáyátù sì fẹ́ pa á kó tó rọ epo, Ládi ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ojo! Ṣé Ìyá àgbà yín máa ń pa fìtílà alámọ̀ kí wọ́n tó fi òrí sí i ni? Rọ epo sí i jàre!"

Bàbá ti kìlọ̀ fún un kó tó lọ sí Jẹ́bà pé epo òyìnbó kì í ṣe òrí, a kì í rọ ọ́ lójú iná. Rùkáyátù rọ ọ́. Iná bú gbàù, ó ràn mọ́ ẹní. Ìyá àgbà Hàlímọ̀tù pariwo pé, "Ẹ má da omi sí i!" Àpò tútù ni wọ́n fi bò ó títí ó fi kú. Kí Alfa Àbdùlgàfárù, aládùúgbò wọn, tó sáré wọlé, ìtìjú ti lé Rùkáyátù sẹ́yìn ilé.

Bàbá dé lọ́sàn-án. Ó ti gbọ́ lọ́nà. Fìtílà ló kọ́kọ́ mú.

"Mo máa dá a padà fẹ́ni tó tà á. Ohun tí Alfa bá ti kọ̀, a ò fẹ́ ẹ nílé yìí."

Rùkáyátù kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Fìtílà ò ṣẹ̀. Èmi ni mo rọ epo lójú iná."

Ojú Bàbá rọ̀. "'Mo jẹ̀bi' kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Dìde. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Alfa ńkọ́?"

Ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín. "Shehu, èmi ni mo wà níbẹ̀, kì í ṣe àwọn ará ọjà. Ohun tí Alfa sọ nìyí, n kò fi kún un, n kò yọ níbẹ̀: 'Alihamudulilahi, kò jó ẹnì kankan. Ẹ máa tan fìtílà yín, kí ọmọ máa kàwé. Ṣùgbọ́n bí epo bá ń tán, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ tó rọ òmíràn. Iná ò mọ ọmọ kéú.'"