Omi Tí Kò Gba Oògùn

Ẹni tó bá rò pé mo kàn fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí dẹ́rù bani ni, ọ̀nà Ọ̀fà kò jìnnà. Kó sọ̀ kalẹ̀ níwájú ibùdó rélùwéè, kó ní kí ọlọ́kadà gbé òun lọ sílé Alhaji Abdulganiyu, ẹni tó fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ju àsíá fún ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n á gbé e dé ẹnu géètì. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ilé. Omi ṣì wà nínú rẹ̀. N kò bù mọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, n kò sì yọ nínú rẹ̀.

Kì í ṣe afẹ́ ló mú Alhaji gbẹ́ adágún. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọlu Nàfísàt, ìyàwó rẹ̀. Ọwọ́ padà bọ̀ sípò, ọ̀rọ̀ ẹnu padà, ẹsẹ̀ òsì nìkan ló kọ̀ jálẹ̀. Dókítà tó ń tọ́jú ẹsẹ̀ náà sọ pé inú omi ni kó ti máa rìn, kí omi lè máa bá a gbé ìwúwo ara. Hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìlọrin ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé e lọ, àmọ́ kó tó padà délé, àárẹ̀ ọ̀nà á ti gba gbogbo ohun tí omi fún un. Ni Alhaji bá ní òun á gbẹ́ tòun sílé. Àwọn ará àdúgbò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọlọ́kọ̀ ojú irin fẹ́ di ọlọ́kọ̀ ojú omi. Alhaji lọ wá òṣìṣẹ́. Obìnrin tó ti bá a jẹ dídùn, tó bá a jẹ kíkan fún ogójì ọdún, kò ní máa fi ìdí wọ́ nílẹ̀ lójú ayé òun.

Ibì kan ṣoṣo ló ṣófo lẹ́yìn ilé, ìyẹn ibi tí kànga ìyá rẹ̀ wà. Omi kànga náà ni gbogbo agboolé ń mu kí kànga ẹ̀rọ tó dé. Òun ni Nàfísàt ń fà láti ọjọ́ kejì tí wọ́n ti mú un wọlé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, kò sì dẹ́kun fífà á nígbà tí kànga ẹ̀rọ dé. Àwọn òṣìṣẹ́ ń kánjú, típà ti dúró lẹ́nu géètì. Wọ́n da yẹ̀pẹ̀ sí kànga náà tòun ti omi inú rẹ̀. Ó dún gbò-ó lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Wọ́n da kọnkéré lé e, wọ́n lẹ táìlì. Adágún tó jáde kò tóbi. Ìgbésẹ̀ márùn-ún ni òró rẹ̀, mẹ́rin ni ìbú rẹ̀, omi rẹ̀ kò sì ju àyà lọ.

Oògùn omi ló kù. Alhaji ránṣẹ́ pe Jàmíù, ọkùnrin tó ń bójú tó adágún hòtẹ́ẹ̀lì yẹn.

"Omi tí kò ṣàn, tí èèyàn ń wọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ máa fi kílórínì sí i, sà," ni Jàmíù wí.

"Kí ló fi yàtọ̀ sí kànga? Álọ́ọ̀mù la máa ń sọ sí kànga."

"Álọ́ọ̀mù á jẹ́ kó mọ́ lójú. Kò ní pa kòkòrò, sà."

Jàmíù ní ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ọ̀kan rí lẹ́búlẹ́bú. Inú korobá ni wọ́n ti ń pò ó, wọ́n á wá dà á sínú adágún nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, torí pé oòrùn máa ń jẹ agbára rẹ̀. Ó ń yá, àmọ́ òórùn rẹ̀ máa ń ta nímú. Èkejì jẹ́ oníhóró, inú ike kékeré tó ń léfòó ni wọ́n ń kó o sí, á máa yòrò díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rọ oníyọ̀. Wọ́n á da odidi àpò iyọ̀ sómi, ẹ̀rọ á wá máa fi iná mànàmáná yí iyọ̀ náà padà di kílórínì. Kì í ta nímú, kì í sì í mú kí ara yún èèyàn.

"Ṣùgbọ́n iná ló ń lò, sà. Ẹ̀yin náà kúkú mọ iná wa."

Alhaji kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìwé. Ẹni tó bá fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ju àsíá kì í fi nǹkan sórí lásán. Ó ní kí wọ́n fi èyí tó rí lẹ́búlẹ́bú bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n dà á sí i nírọ̀lẹ́. Jàmíù ti bébà tí wọ́n fi ń yẹ omi wò bọ inú rẹ̀, bébà náà pọ́n dòò. Ó ní oògùn ti wọ omi dáadáa. Ó ní kí Alhaji tún yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀.

Láàárọ̀, bébà funfun báláú. Alhaji mú òmíràn. Funfun. Ó bu omi náà sọ́wọ́, ó gbóòórùn rẹ̀. Kò rùn kílórínì rárá. Òórùn ilẹ̀ tútù ló ń gbọ́, bí òórùn ìsàlẹ̀ ìkòkò àmù.

Ó pe Jàmíù lórí fóònù. Jàmíù ní ó ní láti jẹ́ pé èéhù aláwọ̀ ewé tó máa ń hù lómi ló jẹ oògùn náà. Ṣùgbọ́n kò sí èéhù kankan nínú omi náà. Omi náà mọ́ débi pé èèyàn lè ka ìlà tó wà láàárín táìlì ìsàlẹ̀. Wọ́n sọ oògùn náà di ìlọ́po méjì. Ilẹ̀ mọ́, bébà funfun. Wọ́n sọ ọ́ di mẹ́ta. Funfun.

Nàfísàt kò dúró dè wọ́n. Ó wọ omi náà ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó di irin àtẹ̀gùn mú, Alhaji jókòó sórí àga ike létí ibẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó gbé tòsì. Alhaji rí i kedere nínú omi mímọ́ náà. Ẹsẹ̀ tó ti kú fún oṣù mẹ́jọ gbéra, ó sì tẹlẹ̀.

"Bàbá Fatimah," ni Nàfísàt wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn, "ó gbé mi."

"Kí ló gbé ẹ?"

"Ó mú mi lábẹ́ apá méjèèjì."

Alhaji sunkún lọ́jọ́ náà. Kò bi í ní ìbéèrè mìíràn. Ọ̀nà tí àlàáfíà bá gbà wọlé, ta ni yóò bi í pé ọmọ ta ni?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí oògùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ omi, Nàfísàt ní òun fẹ́ tún wọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ òsì kò gbéra. Ó rọ̀ sílẹ̀ bí aṣọ tútù. Ikọ́ mú un, ó sì sunkún títí wọ́n fi gbé e jáde. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí bébà ti padà di funfun, ó wọlé, ó rìn. Alhaji kọ ọ́ sínú ìwé: oògùn wà, kò rìn. Oògùn kò sí, ó rìn. Ó wo ohun tó kọ fún ìgbà pípẹ́, ó pa ìwé náà dé.

Wọ́n gbìyànjú oníhóró. Wọ́n kó hóró mẹ́rin sínú ike, wọ́n jẹ́ kó léfòó láàárín adágún, wọ́n ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé. Ní òwúrọ̀, ike náà wà lórí táìlì etí adágún, ní ibi gbígbẹ. Ó dúró ṣánṣán. Hóró mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé síbẹ̀, wọn kò yòrò. Ńṣe ló dà bíi kọ́ọ̀bù tí àlejò kan rọra gbé sílẹ̀ torí pé kò fẹ́ mu ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún àárọ̀ mẹ́ta.

Jàmíù kò fẹ́ wò ó. Ó ní bóyá omi ń jò ló fà á, kí Alhaji lẹ rúlà mọ́ táìlì, kó máa wo ibi tí omi dé. Rúlà tí Fatimah, ọmọbìnrin wọn tó wà ní Ìbàdàn, lò nílé ìwé ni Alhaji lẹ̀ mọ́ ọn. Omi náà kò jò. Ṣùgbọ́n Alhaji rí nǹkan mìíràn. Nígbà tí Jàmíù wọ inú omi láti nu táìlì, omi gòkè ní ìlà márùn-ún lára rúlà. Jàmíù jáde, omi sọ̀ kalẹ̀ ní márùn-ún. Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí Nàfísàt wọlé, ẹni tí kò tó Jàmíù lára, omi gòkè ní ìlà mẹ́jọ.

Ìlà mẹ́rin ló yẹ kó jẹ́. Mẹ́jọ ló rí. Ó wò ó fún ọ̀sẹ̀ kan. Mẹ́jọ ni lójoojúmọ́.

Òun fúnra rẹ̀ lọ bá Ìyá Ọ̀ṣunrẹ̀mí nílé kejì, àgbàlagbà tí ìdílé rẹ̀ ń bọ Ọ̀ṣun, tí àwọn náà sì mu nínú kànga yẹn láyé ìgbà kan. Ìyá ń bó ẹ̀gúsí níwájú ilé.

"Ẹ gbọ́n ọn gbẹ kí ẹ tó dí i?" ni ìyá bi í.

"Rárá, mà. Típà ti dé."

"Ẹ bu díẹ̀ fún gbogbo ilé mu, kí ẹ kí i pé ó dàbọ̀?"

"Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, mà."

"Ìyá rẹ mọ̀ ọ́n." Ó da ẹ̀gúsí sínú ọpọ́n. "Láàyè lẹ sin ín."

"Tí n bá ní kí wọ́n gbọ́n ọn nísinsìnyí ńkọ́?"

Ìyá wojú rẹ̀ títí. "Ó ti pẹ́. Ẹnìkan ti wà nínú ẹ̀." Ó ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ.

Mùsùlùmí ni Alhaji. Ó ka àwọn àdúà tó mọ̀, ó lọ sílé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ló ti ń fi ojú ṣọ́ Nàfísàt. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dá. Ó ti ń rìn láti yàrá dé pálọ̀ láìmú ọ̀pá. Àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ tutù, kódà nígbà tí oòrùn bá wà lórí. Alhaji gbé omi mímu síwájú rẹ̀ láàárọ̀, ó bá a bẹ́ẹ̀ lálẹ́. Ó tó ọjọ́ mẹ́rin tí kò fẹnu kan omi. Nígbà tó bi í, Nàfísàt rẹ́rìn-ín.

"Ogójì ọdún ni mo fi fà á sókè," ló wí. "Òun náà ti ń fà mí sókè."

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, fóònù dún. Alhaji gbé e fún un, ó ní Fatimah ni. Nàfísàt gbọ́ ohùn náà dáadáa. Ó wá fi ọwọ́ bo fóònù.

"Ta ni Fatimah?"

Alhaji gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rò ó lóru yẹn, kò sùn. Ẹsẹ̀ ń bọ̀, ẹni tó ni ẹsẹ̀ ń lọ. Bí òun bá fi omi náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìyàwó òun á máa rìn, kò sì ní mọ ọmọ tó bí. Bí òun bá fi oògùn tí kò ní ṣeé yọ sí i, ó lè padà sórí àga, ṣùgbọ́n Nàfísàt ni yóò jókòó síbẹ̀. Ó yàn. Ilẹ̀ mọ́, ó pe Jàmíù, ó ní kó gbé ẹ̀rọ oníyọ̀ wá.

"Iyọ̀ tó bá ti wọ omi ti wọ̀ ọ́ nìyẹn, sà," ni Jàmíù wí. "Kò sẹ́ni tó lè ṣà á jáde."

"Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Jàmíù de ẹ̀rọ náà mọ́ ògiri. Ó to àpò iyọ̀ mẹ́ta sí etí omi, ó ní kí Alhaji dà á sí i, kó yòrò, òun á padà wá tan iná sí i lọ́la. Ó lọ. Alhaji kírun Àsárì. Nígbà tó jáde sẹ́yìnkùlé, Nàfísàt ti wà nínú omi. Kò sẹ́ni tó bá a débẹ̀. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́, adìẹ kò ké. Omi ti gòkè ní ìlà mẹ́jọ lára rúlà.

Alhaji ṣí ẹnu àpò kan, ó gbé e mọ́ àyà.

"Nàfísàt, jáde."

Ó wò ó. Kò jiyàn. Ó gun àtẹ̀gùn, kò di irin mú, kò wá ọ̀pá. Ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì, wọ́n ń lọ déédéé bíi tọmọge. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wọlé. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, inú Alhaji dùn. Ó dùn débi pé ó gbàgbé iyọ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló wo rúlà.

Omi ti sọ̀ kalẹ̀ dé ìlà mẹ́rin, ìwọ̀n ara Nàfísàt gan-an. Ó dúró síbẹ̀. Alhaji dúró dè é kó sọ̀ tán. Kò sọ̀. Kò sí ohun kankan nínú omi náà tí ojú rẹ̀ rí, àfi táìlì àti ìlà àárín wọn.

"Ẹ wá jẹun o," ni ohùn ìyàwó rẹ̀ wí láti inú ilé. Ohùn rẹ̀ ni. Ó ń kọ orin díẹ̀díẹ̀, ó ń gbé àwo.

Níbi àtẹ̀gùn, ojú omi mì. Ìgbì kékeré kan gbéra, ó ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ń lọ, ó ń dúró. Gbígùn kan, kúkúrú kan. Gbígùn kan, kúkúrú kan. Bí ẹni tó ń fa ẹsẹ̀ òsì lẹ́yìn ló rí.

Iyọ̀ ti ń dà díẹ̀díẹ̀ láti ẹnu àpò sórí táìlì. Alhaji dì í pọ̀, ó gbé e jìnnà sí omi. Ohùn náà tún pè é láti inú ilé. Ó kúnlẹ̀ létí adágún, ó ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó ti ọwọ́ bọ inú omi tútù náà dé ìgúnpá, ó sì ń dúró de ẹni tó ń tiro bọ̀.