Iṣẹ́ Bàbá Jacob

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé kan ní ọdún 1994, kọ̀ǹpútà tó wà ní yàrá ìkọ́ṣẹ́ Àǹtí Adéjọkẹ́ ní Aramọkọ kọ̀, kò gbé àwòrán rẹ̀ jáde. Ojú rẹ̀ dúdú kirimú, àmì funfun kékeré kan péré ló ń ṣẹ́jú níbẹ̀. Fọláṣadé ti máòsì, ohun ìtọ́ka ẹ̀rọ náà, síwájú, ó fà á sẹ́yìn, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ ń fi lélẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Fọláṣadé, iṣẹ́ títẹ̀wé ló ń kọ́ lọ́dọ̀ Àǹtí. Ó fẹ́ràn kí ó máa tọ́ka sí àwòrán kí ẹ̀rọ sì ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àṣẹ tí à ń fi ọ̀rọ̀ tẹ̀ fún ẹ̀rọ sú u. Bí Àǹtí bá ń kọ́ wọn ní àṣẹ, ojú fèrèsé ni tirẹ̀ máa ń wà. Àṣẹ ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ sórí dísìkì, àwo kékeré tí wọ́n ń tọ́jú pamọ́, nítorí náà kò ṣe ẹ̀dà kankan rí.

Inú ẹ̀rọ yìí ni iṣẹ́ Bàbá Jacob wà. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ará Ìjùrin, ojú rẹ̀ kò ríran kàwé mọ́. Oṣù méje ló fi wọ mọ́tò wá sọ ọ̀rọ̀ àtijọ́ ìlú rẹ̀, orúkọ ewé, orúkọ ẹyẹ, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣìpẹ̀ fún ọlọ́fọ̀, Fọláṣadé sì ń tẹ̀ ẹ́. Ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ògúnbùnmi, ni Bàbá ti gbọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìgbà ọyẹ́ tó kọjá ni wọ́n sin ẹ̀gbọ́n náà.

Àǹtí ti lọ sí Àkúrẹ́, olú ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó tí a wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, Ọjọ́bọ̀ ni yóò dé. Ẹ̀rọ kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé inú òun ti kún, kò sí àyè mọ́. Fọláṣadé rántí àṣẹ kan fìrífìrí, èyí tí wọ́n fi ń pa nǹkan rẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ bi í bóyá ó dá a lójú. Kò ka ìbéèrè náà tán tó fi dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Àwòrán padà dé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ Bàbá Jacob ti lọ.

Fọláṣadé kó àwọn lẹ́tà àti ìwé ìpè ìgbéyàwó tó wà nílẹ̀, ó ń tẹ̀ wọ́n sínú ẹ̀rọ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, kí ibẹ̀ má baà ṣófo. Nígbà tí Àǹtí dé, Fọláṣadé ní iná tó lọ lójijì ló pa iṣẹ́ Bàbá rẹ́.

Àǹtí kò bá a jiyàn. Ó jókòó, ó pa àwòrán dé, ó tẹ àṣẹ kan. Orúkọ iṣẹ́ náà yọ, lẹ́tà àkọ́kọ́ rẹ̀ ti bọ́, àmì ohun tí a fi àṣẹ pa rẹ́.

"Ṣadé, kì í ṣe iná. Ẹnìkan ló pa á rẹ́. Ohun tí a bá pa rẹ́ kì í tètè kúrò nínú ẹ̀rọ. A lè fi àṣẹ pè é padà, bí a kò bá tíì kọ nǹkan mìíràn lé e lórí."

"Mo ti kọ, Mà."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti Ọjọ́ Ajé."

Bàbá Jacob dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Fọláṣadé kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́. Baba kò bú u, ó ní kí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Ó sọ tó ogún ọ̀rọ̀. Ewé kan wà tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ tuntun, orúkọ rẹ̀ kò wá sẹ́nu rẹ̀ mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni ǹ bá bi," ó wí, ó sì ń táràrà wá ọ̀pá rẹ̀.

Fọláṣadé sìn ín dé ibùdókọ̀. Baba kò padà wá mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Fọláṣadé kọ́ gbogbo àṣẹ, ó mọ̀ ọ́n ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè dá iṣẹ́ náà padà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe dáhùn ìbéèrè tí kò yé yín. Bí ẹ bá sì ṣe àṣìṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́. Àṣìṣe ọmọ yìí ṣì ní àtúnṣe lọ́jọ́ tó ṣe é. Ọjọ́ mẹ́ta tó fi bò ó mọ́lẹ̀ ni kò ní àtúnṣe.