Ẹni Tó Pa Sikirat

Sikirat kò ṣe àìsàn kankan tó lórúkọ. Ó bímọ, wọ́n sọ ọmọ lórúkọ, wọ́n pa àgbò, gbogbo àdúgbò jẹ, wọ́n mu. Kó tó pé ogójì ọjọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ wú, kò lè rìn dé ẹ̀yìnkùlé kó má mí hẹlẹhẹlẹ. Tó bá fẹ́ sùn lóru, yóò fò dìde, yóò di àyà mú, yóò ní ẹnì kan jókòó lé òun. Láàárọ̀ ọjọ́ Àlàmísì kan, wọ́n bá a níjòókòó, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ọmọ sì ń fa ọmú òkú.

Wọ́n sin ín ṣáájú ìrun Àílà. Kí wọ́n tó kírun Ìṣáì, gbogbo ẹnu ti fi orúkọ ẹni tó pa á ṣe oúnjẹ alẹ́.

Ta ni ì bá tún jẹ́? Fọláṣadé ni ìyálé Sikirat nílé Mùstàfá télọ̀. Ìjẹ̀ṣà ni, Iléṣà ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá sí Òṣogbo, aṣọ ló ń tà, kò sì bímọ rí. Òun ló ń ti Iléṣà ru aṣọ wá fún Mùstàfá nígbà tí kò sí ẹni tó fẹ́ kó bá òun gé aṣọ kankan. Ìyẹn ò sí lórí ẹnu ẹnikẹ́ni mọ́. "Obìnrin tí kò bímọ, tó sì ń sanra," ni Àgbékẹ́ aládùúgbò wọn ń wí káàkiri, "kí ló ń jẹ?"

Òwìwí kan sì ń ké lórí igi ìyeyè ẹ̀yìnkùlé wọn. Òwìwí ọ̀hún ti wà lórí igi náà kí wọ́n tó fẹ́ Fọláṣadé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fẹ́ ká òkú mọ́ni lọ́wọ́ kì í bi ẹyẹ ní ọjọ́ tó dé.

Nídìí kànga, Àgbékẹ́ ti Fọláṣadé sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú garawa. "Ẹ jẹ́ kí Ìjẹ̀ṣà pọn tirẹ̀ ná o. Ẹni tó ń fò lóru, kì í tò lọ́sàn-án."

"Àgbékẹ́, bí mo bá mọ̀ ọ́n fò, ṣé ibí ni mo máa dúró sí kí ẹnu rẹ tó ń rùn máa fẹ́ sí mi nímú?"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bá a dá sí i. Nígbà tó gbé omi rẹ̀ dé ilé, inú ṣì ń bí i. Ó ti bá Sikirat wẹ ọmọ. Ó ti sunkún Sikirat ju àwọn tó ń pè é ní àjẹ́ lọ.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni Fàtímọ̀, ìyàwó Mùstàfá tó kéré jù, bímọ tirẹ̀. Ìyá Mùstàfá ló gba ìtọ́jú rẹ̀ ṣe. Àpìkẹ́ ni orúkọ ìyá náà, ṣùgbọ́n Ìyá Sàríà ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí Sàríà nílẹ̀ Haúsá ló gbé ní ìgbà èwe àti ìgbà àgbà, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń ta obì, kí ọkọ tó kú tí òun fi wọ rélùwéè padà wálé. Ó kó ọgbọ́n ìtọ́jú ìyá ọmọ ti ọ̀hún bọ̀. Ó mọ pèpéle alámọ̀ tí ìyá ọmọ ń sùn lé, tí iná ń jó lábẹ́ rẹ̀. Omi gbígbóná tó ń hó ni yóò máa fi ewé wọ́n sí i lára láàárọ̀ àti lálẹ́. Lẹ́yìn náà ni kúnú jéró, ẹ̀kọ mímu àwọn Haúsá, tí kaun inú rẹ̀ pọ̀ débi pé ó ń ta ahọ́n. Àwọn ará àdúgbò kò rí irú rẹ̀ rí, wọ́n ní ọgbọ́n ńlá ni. Àwọn tó bímọ nítòsí ti ń bẹ̀ ẹ́ kó wá bá wọn ro tiwọn.

"Ti Sikirat, mo fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un," ni Ìyá Sàríà wí, ó ń wo Fọláṣadé nígbà tó ń fọ́ kaun sínú ìkòkò. "Ti eléyìí, màá sọ ọ́ di méjì. Ara ẹ̀ máa le, ẹni ibi ò ní rí ibi tó máa gbà wọ̀ ọ́."

"Màmá, Ọlọ́run á gba àṣẹ yín," ni Fọláṣadé dáhùn.

"Má fi ẹnu rẹ pe Ọlọ́run sí ìkòkò mi."

Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ Fàtímọ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ìyá Sàríà fi kaun kún kaun. Ẹsẹ̀ túbọ̀ wú, ikùn tẹ̀ lé e, ikọ́ gbígbẹ dé. Ìyá Sàríà ń sunkún bó ṣe ń fún un ní kúnú lẹ́nu, nítorí ó fẹ́ràn Fàtímọ̀ dénú.

Àwọn ọkùnrin ilé wá pe Fọláṣadé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mùyídéènì, àbúrò Mùstàfá, ló sọ̀rọ̀. "Bí ìrun Jímọ̀ bá ti parí, a ò fẹ́ bá ọ nínú ilé yìí mọ́. Tí Fàtímọ̀ bá sì kú kó tó dìgbà náà, a ò ní bi ọ́ léèrè, a máa sun ọ́ ni."

Fọláṣadé kò wò ó. Mùstàfá ló ń wò. Mùstàfá ń wo bàtà ara rẹ̀. Gbogbo ọdún tí wọ́n ti jọ gbé, ọkùnrin náà kò rí ọ̀rọ̀ kan sọ. Bó bá jẹ́ pé Fọláṣadé ní àjẹ́ lóòótọ́, bàtà náà ni ì bá kọ́kọ́ jẹ.

Ó wọlé lọ di ẹrù rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ tí Fàtímọ̀ ń pè é láti yàrá kejì, ohùn náà ń já mọ́ ọn lẹ́nu bíi ti ẹni tó sáré. Ó bá a lórí pèpéle, ó jókòó gbagidi, òógùn bò ó, ètè rẹ̀ dúdú. Ó ti gbìyànjú láti dùbúlẹ̀, kò ṣeé ṣe.

"Ìyálé, ṣé ẹ̀yin lẹ ń jókòó lé mi láyà?"

"Wò mí dáadáa. Èmi nìyí lójú rẹ. Ta ló wá jókòó lé ọ báyìí?"

Fàtímọ̀ wò ó títí, ló bá bú sẹ́kún. "Ẹ má lọ. Tí ẹ bá lọ, màá kú bíi Sikirat."

Fọláṣadé jókòó tì í lẹ́yìn, ó jẹ́ kó fi òun ṣe ògiri, wọ́n sì wà bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó mọ̀ pé bí òun bá fi Fàtímọ̀ sílẹ̀, yóò kú, wọn yóò sì wá òun dé Iléṣà fún òkú rẹ̀. Bí òun bá gbé e lọ, tó sì kú lọ́nà, ó parí fún òun náà.

Ó gbé e lọ. Nígbà tí àwọn ọkùnrin wà ní mọ́sálásí lọ́jọ́ Jímọ̀, àbúrò rẹ̀ Gbádéyan, tó ń wa ọkọ̀ akógi, gbé ọkọ̀ wá láti Old Garage. Fọláṣadé pọn ọmọ jòjòló, ó fi èjìká gbé ìyá rẹ̀. Àgbékẹ́ rí wọn láti ojú fèrèsé, ló bá figbe ta: "Ẹ gbà wá o! Ó ń kó wọn lọ sí ìpàdé wọn! Ọ̀sán gangan!"

Ọsibítù kan wà ní Iléṣà tí ìyá Fọláṣadé ti gba ìwòsàn rí. Dókítà Adédìran ló wà níbẹ̀, ọkùnrin kúkurú kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ìró ọkàn sí àyà Fàtímọ̀, ó gbọ́ ọ níwájú, ó gbọ́ ọ lẹ́yìn, ó tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo iṣan ọrùn rẹ̀ tó le gbandi. Ó ní kí wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀. Ó fún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fi ìrọ̀rí gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Kí oòrùn tó wọ̀, Fàtímọ̀ ti tọ̀ kún póò lẹ́ẹ̀kan, ó tún ń béèrè póò mìíràn.

Ìgbà yẹn ni Mùstàfá, Mùyídéènì àti ìyá wọn dé. Mùyídéènì mú igi lọ́wọ́.

"Ẹ gbé ọmọ mi fún mi," ni Ìyá Sàríà ń pariwo, "kí àjẹ́ yìí tó parí iṣẹ́ ẹ̀!"

"Ẹ ju igi yẹn síta," ni dókítà wí. Kò gbóhùn sókè, ṣùgbọ́n Mùyídéènì jù ú síta. Dókítà gbé fọ́tò náà sí ojú fèrèsé. "Màmá, ẹ wò ó. Ọkàn èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ìkúùkù rẹ̀ lọ. Ẹ wo ti obìnrin yìí, ó ti fẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ ìhà. Ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Tó bá ti rẹ̀ ẹ́, omi á máa dúró síbi tí kò yẹ, lẹ́sẹ̀, níkùn, nínú ẹ̀dọ̀fóró. Tó bá wá dùbúlẹ̀, á dà bíi pé wọ́n ń fún un lọ́rùn. Kò sẹ́ni tó jókòó lé e."

"Kí ló ṣe ọkàn ẹ̀?" Mùstàfá ló béèrè. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ láti ọjọ́ tí wọ́n pe Fọláṣadé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìyẹn.

"Ó máa ń ṣe àwọn obìnrin mìíràn nígbà tí wọ́n bá bímọ tán. A ò tíì mọ gbogbo ohun tó ń fà á. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tó ń mú un le sí i. Kí ló ń jẹ?"

Ìyá Sàríà gbé àyà sókè. Ó ka gbogbo rẹ̀ fún un, pẹ̀lú ìwúrí: pèpéle, iná, omi gbígbóná, jéró, kaun. Ó fi ọwọ́ ṣàpèjúwe bí kaun náà ṣe tó. Ó ní òun sọ ọ́ di méjì nítorí àjẹ́ ilé.

Dókítà gbọ́ ọ tán. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. "Màmá, àwọn dókítà Sàríà ń rí àìsàn yìí lójoojúmọ́. Kaun, ọmọ ìyá iyọ̀ ni. Ó ń di omi mú sára. Ooru iná yẹn náà ń fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ fún ọkàn tó ti rẹ̀. Oògùn àjẹ́ tí ẹ ń fún un ló fẹ́ pa á."

"Èyí tó kú ńkọ́?" Fọláṣadé ni. Ohùn rẹ̀ le. "Sikirat. Ẹsẹ̀ ẹ̀ wú báyìí. Òun náà ò lè dùbúlẹ̀. Kúnú yẹn náà ló mu."

"N kò rí i, n kò lè búra. Ṣùgbọ́n ó jọ ọ́."

Ìyá Sàríà rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Fàtímọ̀ bọ̀ sípò. Ó ń lo oògùn tó ń mú ni tọ̀ àti èyí tó ń ran ọkàn lọ́wọ́, ó ń jẹ oúnjẹ tí kò níyọ̀, dókítà sì kìlọ̀ pé kó má tètè lóyún mọ́. Nígbà tí wọ́n padà sí Òṣogbo, ó ń fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Mùstàfá wá bá Fọláṣadé ní yàrá.

"Ọ̀rọ̀ yìí, jẹ́ kó parí síbí. Ìyá mi ni. A máa sọ fún wọn pé Ọlọ́run ló wò ó sàn."

"Èmi ńkọ́?"

"Wọ́n á gbàgbé."

"Mùstàfá." Kò pe orúkọ ọkọ rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé. "Ìta gbangba ni wọ́n ti pè mí lájẹ̀ẹ́. Ìyẹ̀wù lo wá ti ń dá mi láre? O fẹ́ kí n máa ru òkú Sikirat kiri kí ìyá rẹ lè máa gba ìkíni!" Mùstàfá bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà. Fọláṣadé jáde fún un.

Ìta ló ti gbọ́ òórùn ewé gbígbóná láti ilé kejì. Ọmọ Àgbékẹ́ ti bímọ, wọ́n sì ti kọ́ ọ̀nà Ìyá Sàríà láti ọjọ́ pípẹ́. Ó rí èéfín, ó rí ìkòkò. Ó dúró. Kí a má purọ́, inú rẹ̀ sọ fún un pé: jẹ́ kí wọ́n mu ún. Jẹ́ kí Àgbékẹ́ náà bá tirẹ̀ níjòókòó lára ògiri. Èrò náà dùn mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú kan, ó sì korò. Ọmọ tó bímọ náà ò bú u rí.

Ó wọ agbo ilé wọn, ó fi ẹsẹ̀ ta ìkòkò náà, kúnú dà sínú iná, eérú gba gbogbo agboolé.

"Àjẹ́!" Àgbékẹ́ gbá a láṣọ mú, ó fa ọmọ odó yọ. "Ó ti fojú sí ọmọ tèmi! Ẹ bá mi mú un!" Àwọn obìnrin ya bò ó, wọ́n fa gèlè rẹ̀ já, ẹnì kan gbá a létí.

"Ẹ fi í sílẹ̀!"

Ìyá Sàríà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, láìwọ bàtà, láìborí. Kò jáde láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé. Mùstàfá ń fà á lápá lẹ́yìn, ó ń já ara rẹ̀ gbà.

"Bó bá jẹ́ ẹni tó pa Sikirat lẹ ń wá, èmi nìyí. Kaun yẹn ni. Ọwọ́ mi ni mo fi rò ó, ọwọ́ mi ni mo fi gbé e sí i lẹ́nu. Nígbà tó ní òun ò fẹ́ mọ́, mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó mu ún."

Àgbékẹ́ sọ ọmọ odó kalẹ̀. "Ìyá Sàríà, àbí ẹ̀yin ni àjẹ́ náà ni?"

"Àjẹ́ ì bá sàn," ni ìyá náà wí. "Àjẹ́ mọ ohun tó ń ṣe."

Fọláṣadé kò wo ìyá náà, kò sì sọ pé òun dárí jì í. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó gba àárín wọn kọjá, ó wọ yàrá lọ bá ọmọ Àgbékẹ́, ó ní kó na ẹsẹ̀ méjèèjì kí òun wò ó bóyá ó ti ń wú.