Ọwọ́ Mi Kàn Án

Ọjọ́ tí tírélà gbé ọkọ̀ ojú omi náà wọ ọgbà àwọn mẹkáníìkì ní Challenge, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ náà ga bí ilé. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà, gíláàsì fèrèsé rẹ̀ kan ti fọ́, ẹrẹ̀ gbígbẹ sì lẹ̀ mọ́ gbogbo ìdí rẹ̀. Ṣemílóore jókòó sí iwájú tírélà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, ojú ń tì í.

"Bàbá Ṣemílóore," ọ̀kan nínú àwọn tó ń kun mọ́tò pè wọ́n, "ṣé Ògùnpa tún fẹ́ kún ni, tẹ́ ẹ ò sì sọ fún wa?"

"Fi wọ́n sílẹ̀," ẹnì kejì rẹ̀ dáhùn. "Bàbá Nóà ni wọ́n. Èmi ti ní àyè nínú ọkọ̀."

"Méjì-méjì ni wọ́n ń mú wọlé. Ìwọ, ta lo fẹ́ mú dání? O ò tíì níyàwó."

Ọ̀gbẹ́ni Ògúnsànyà rẹ́rìn-ín. Ṣemílóore yíjú wò ó. Oṣù mẹ́sàn-án rèé tó ti gbọ́ ẹ̀rín bàbá rẹ̀ kẹ́yìn.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni bàbá rẹ̀. Ogún ọdún ló fi wa ọkọ̀ ojú omi fún ilé-iṣẹ́ kan l'Ékòó, kí wọ́n tó ní kó lọ sinmi, tó sì wá bá ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ n'Ìbàdàn. Àbẹ̀ḿbí, ìyàwó rẹ̀, ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Bódìjà. Nígbà tí Àbẹ̀ḿbí kú, ọkùnrin náà jókòó sẹ́nu fèrèsé ilé wọn l'Ágbowó, ó ń wo títì bí ẹni tó ń retí ẹni tó lọ sọ́jà. Kò gbọ́ràn sí pásítọ̀ lẹ́nu, kò gbọ́ràn sí ẹbí lẹ́nu. Ìgbà tó gbọ́ pé ẹnì kan ń ta ọkọ̀ ojú omi àlòkù ló tó dìde. Ó ní òun yóò tún un ṣe, òun yóò sì máa fi gbé àwọn tó bá wá ṣe fàájì lórí adágún Ẹlẹ́yẹlé. Gbogbo ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ló kó lé e.

Ẹni tó ràn án lọ́wọ́ ni Nasrullah, mẹkáníìkì tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wọn. Nasrullah yìí ló pọn Àbẹ̀ḿbí sọ̀kalẹ̀ láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì lọ́jọ́ tí àìsàn dá a wólẹ̀, tó sì wa ọkọ̀ dé ọsibítù pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. Àwọn méjèèjì kì í sọ ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí Ògúnsànyà bá bu oúnjẹ, a bu ti Nasrullah sọ́tọ̀.

Lẹ́yìn ilé-ìwé àti ní gbogbo Sátidé, Ṣemílóore máa ń lọ bá wọn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó wà ní kíláàsì kejì àgbà. Ó kọ́kọ́ ń lọ nítorí kí bàbá rẹ̀ má baà dá wà. Nígbà tó yá, ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wù ú. Wọ́n há ẹrẹ̀ kúrò ní ìdí rẹ̀, wọ́n fi sánpépà fá ara rẹ̀ títí apá fi ń ro wọ́n. Wọ́n ṣí àpótí abẹ́ ìjókòó, wọ́n bá síbí kan, bàtà ọmọdé ẹsẹ̀ kan, àti ìwé orin tí omi ti mú kó lẹ̀ pọ̀.

Lára férémù ilẹ̀kùn yàrá kékeré inú ọkọ̀ náà, ẹnì kan ti fi bírò fa ìlà sí ibi tí orí àwọn ọmọ rẹ̀ dé lọ́dọọdún. Orúkọ méjì ló wà níbẹ̀, Jọlá àti Jóṣúà. Ìlà Jọlá gòkè títí dé èjìká Ṣemílóore. Ti Jóṣúà dúró ní ìbàdí rẹ̀, kò sì sí òmíràn lókè rẹ̀.

Nasrullah ti gbé búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà sókè. Ògúnsànyà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"A ò ní kun ibẹ̀," ó wí.

Ó wo ìlà náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó mú ṣọ́ọ̀kì kan nínú àpò, ó ní kí Ṣemílóore fẹ̀yìn ti férémù, ó sì fa ìlà sí òkè orí rẹ̀. Ó kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ wẹ́rẹ́-wẹ́rẹ́, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé.

Ohun kan wà tí bàbá rẹ̀ kì í fi ṣeré. Ihò kékeré kan wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá wà lórí ilẹ̀, wọ́n a ṣí i sílẹ̀ kí omi òjò lè máa ṣàn jáde. Kí ọkọ̀ tó wọ omi, wọ́n a fi èdídí idẹ kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ dí i. Ẹnu ihò náà ti jẹrà. Nasrullah gé e kúrò, ó sì fi tuntun sí i.

"Ní Ẹ̀pẹ́," Ògúnsànyà sọ fún ọmọ rẹ̀, "ẹni tó bá dí ihò ni yóò sọ ọ́ síta pé, 'Mo ti dí i, ọwọ́ mi kàn án.' Kì í ṣe ojú mi rí i. Kì í ṣe mo rò pé mo dí i. Ọwọ́ mi kàn án. Ẹni kejì yóò dáhùn pé, 'Ó dọwọ́ Ọlọ́run.' Ìgbà náà ni ọkọ̀ tó lè wọ omi."

"Tí ẹni tó dí i bá wá purọ́ ńkọ́?" Ṣemílóore béèrè.

"Kò sẹ́ni tó ń fi ìyẹn purọ́," bàbá rẹ̀ wí, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ní Sátidé kan nínú oṣù Ọ̀wàrà, wọ́n gbé ọkọ̀ náà gba Ring Road lọ sí Ẹlẹ́yẹlé. Funfun ni wọ́n kùn ún, wọ́n sì fi ọ̀dà aró kọ ÀBẸ̀ḾBÍ sí iwájú rẹ̀. Lateefat, ọ̀rẹ́ Ṣemílóore ní kíláàsì, tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú fóònù rẹ̀.

"Ṣemí, lọ dí ihò," bàbá rẹ̀ wí, bí wọ́n ṣe ń to tírélà sẹ́tí omi.

Ó mú èdídí nínú agolo. Ó ti ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Lateefat pè é.

"Wá kíá. Oòrùn yìí dára. Dúró síbi orúkọ Mọ́mì yín kí n yà ọ́."

"Jẹ́ kí n ṣe èyí ná."

"Ìkùukùu ń bọ̀, mo sọ fún ẹ. Ìṣẹ́jú kan ni. Tí o bá rí i bó o ṣe máa dà lójú àwọn ará kíláàsì wa, wàá dúpẹ́."

Ṣemílóore ju èdídí sápò ṣòkòtò rẹ̀, ó sì sáré lọ síwájú. Ìṣẹ́jú kan di mẹ́wàá. Ó dúró, ó fẹ̀yìn tì, ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé e. Ó ń rẹ́rìn-ín sí fóònù nígbà tí ohùn bàbá rẹ̀ dé láti ẹ̀yìn tírélà.

"Ihò ìdí ńkọ́?"

Ṣemílóore sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé òun yóò sáré lọ dí i nísinsìnyí. Ẹnu rẹ̀ ló yá ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ.

"Mo ti dí i, ọwọ́ mi kàn án."

"Ó dọwọ́ Ọlọ́run," Nasrullah dáhùn, tayọ̀tayọ̀.

Lójú ẹsẹ̀, tírélà fẹ̀yìn rìn wọ inú omi. Ọkọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó léfòó. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Bàbá Ṣemílóore ṣí fìlà, ó dúró bí ẹni tó wà nílé ìsìn, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Báwo ni ọmọ rẹ̀ yóò ṣe la ẹnu? Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá omi kò ní pọ̀. Ó ní bí wọ́n bá gbé e jáde lálẹ́, òun yóò dí i.

Wọ́n so ọkọ̀ mọ́ òpó, wọ́n lọ jẹ àkàrà àti búrẹ́dì lábẹ́ igi. Nasrullah lọ kí ìrun ọ̀sán. Òun ló kọ́kọ́ rí i nígbà tó ń bọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n! Ìdí ọkọ̀ ń lọ sílẹ̀!"

Kí wọ́n tó débẹ̀, ẹ́ńjìnì ti wà lábẹ́ omi. Nasrullah bẹ́ sódò pẹ̀lú aṣọ tó fi kírun, ó ń fa okùn, ó ń ké pe àwọn tó wà létí omi. Ọkọ̀ náà fi ẹ̀yìn jókòó sínú ẹrẹ̀ pẹ̀sẹ̀, iwájú rẹ̀ yọ sókè, orúkọ òkú sì ń wo ojú ọ̀run.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó fà á jáde. Omi ń tú jáde láti inú ihò náà bí ẹ̀jẹ̀. Ògúnsànyà kúnlẹ̀, ó fi ìka kàn án.

"Èdídí ti yọ," ó wí. "Nasrullah, ta ló fi ẹnu ihò yìí sí i?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ṣemílóore, ṣé o dí i?"

Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àpò. Idẹ náà tutù mọ́ ọn ní ìka. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Ó lè yọ ọ́ nígbà náà. Bàbá rẹ̀ ìbá bínú, ọ̀rọ̀ náà ìbá sì tán síbẹ̀.

"Mo dí i, Dádì."

Ògúnsànyà yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "A jẹ́ pé ẹnu ihò tó o fi sí i ni kò dì í mú. Orúkọ ìyàwó mi lo rì yìí," ó wí. Kò gbé ohùn sókè. "Má wá sílé mi mọ́."

Ní ọjọ́ Ajé, Ṣemílóore fi èdídí náà han Lateefat lẹ́yìn kíláàsì. Lateefat wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ń gbọ́.

"Jù ú sí gọ́tà," ó wí. "Ta ló máa mọ̀? Èmi ò ní sọ."

"Bọ̀dá Nasrullah ńkọ́?"

"Mẹkáníìkì ni wọ́n. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń torí nǹkan kan dá mẹkáníìkì lẹ́bi. Ó ti mọ́ wọn lára."

Ṣemílóore kò jù ú nù. Ó fi sínú àpótí kọ́ńpáàsì rẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀.

Ní Challenge, ẹ̀fẹ̀ yí padà. "Má gbé mọ́tò rẹ fún Nasrullah o," wọ́n ń wí, "á rì í fún ẹ." Àwọn tó ń sọ ọ́ ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń gbé mọ́tò wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Nasrullah gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wá. Ògúnsànyà kò ṣílẹ̀kùn. Láti inú yàrá rẹ̀, Ṣemílóore gbọ́ ohùn ọkùnrin náà lóde.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti ń rò ó. Bóyá lóòótọ́ ni mi ò fún ẹnu ihò náà le. Ó rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà. Mo ti ra ẹnu ihò òmíràn, mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Ṣemílóore fi ìrọ̀rí bo ojú. Ohun tí ọkùnrin yìí kò ṣe ló ń tọrọ àforíjì lé lórí. Ó dìde, ó dé ẹnu ilẹ̀kùn yàrá, ó dúró. Ó gbọ́ bí ẹsẹ̀ náà ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan náà tó fi pọn ìyá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn náà, ó bá yàrá ìsàlẹ̀ ní títì pa. Onílé ní Nasrullah ti kó lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Moniya. Nígbà náà ló gòkè, ó gbé èdídí náà sórí tábìlì níwájú bàbá rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀.

Ògúnsànyà kò lù ú. Ó yí nǹkan náà síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà," ó wí jẹ́jẹ́, "owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ìwọ lo tà á, èmi ni mo rà á. Mo mọ ọkùnrin yẹn, mi ò sì dúró bi ara mi léèrè. Dìde, ká lọ."

Wọ́n bá Nasrullah lóko ẹ̀gẹ́ ìyá rẹ̀. Ó ti gbẹ. Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀. Ṣemílóore sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́, kò dárúkọ Lateefat. Nasrullah gba èdídí náà, ó fi àtàǹpàkò ra ojú idẹ náà.

"A jẹ́ pé mo fún un le," ó wí.

"Ẹ fún un le, sà."

"Mo dárí jì ọ́, Ṣemí. Àti ẹ̀yin náà, ẹ̀gbọ́n. Ẹ dìde nílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

"Jẹ́ ká padà sílé," Ògúnsànyà bẹ̀ ẹ́. "Mo ti sọ òtítọ́ fún wọn ní Challenge ká tó wá síbí. Mo máa tún un sọ."

Nasrullah mi orí. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú. "Ẹ wò wọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi fura sí wọn. Mo tún de nọ́ọ̀tì mọ́tò kan lánàá, mi ò gbà pé mo dè é. Ìgbà mẹ́jọ ni mo padà lọ wò ó. Ẹ jẹ́ kí n máa ro oko ná."

Wọ́n bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n padà lọ bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kò bínú. Ó fún wọn ní ẹ̀gẹ́ nígbà gbogbo. Kò sì padà.

Oṣù márùn-ún kọjá kí ẹ́ńjìnì tó tún dún. Omi adágún ti fọ ìlà ṣọ́ọ̀kì kúrò lára férémù. Ti Jọlá àti ti Jóṣúà nìkan ló kù. Ṣemílóore kò béèrè pé kí wọ́n tún tirẹ̀ fà.

Ní àárọ̀ tí wọ́n padà sí Ẹlẹ́yẹlé, àwọn méjì péré ni, pẹ̀lú awakọ̀ tírélà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ti èdídí wọlé, ó yí i títí kò fi yí mọ́. Ó fi ìka kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó tún kàn án.

"Mo ti dí i," ó wí. "Ọwọ́ mi kàn án."

Àwọn méjèèjì dúró. Ohùn tó yẹ kó dáhùn wà ní Moniya. Kìkì omi ló ń gbá etí ilẹ̀. Nígbà tó pẹ́, Ògúnsànyà juwọ́ sí awakọ̀ tírélà, wọ́n sì jẹ́ kí ọkọ̀ náà wọ omi láìsí ìdáhùn.

Ìwọ tó ń ka ìtàn yìí, ẹnu gbogbo wa ló ti yá ju ẹsẹ̀ lọ rí. Bí o bá sọ pé o ti ṣe ohun tí o kò ṣe, yára padà lọ sọ òtítọ́ kí ẹlòmíràn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ru ẹ̀bi rẹ. Ọkọ̀ tó rì ṣeé fà jáde. Ẹ́ńjìnì tó kú ṣeé tún ṣe. Ṣùgbọ́n èèyàn rere tí irọ́ wa bá ti kọ́ láti fura sí ara rẹ̀, àforíjì nìkan kò tó láti dá a padà.