Ẹni Tó Ń Gbẹ́gi Nínú Yàrá Títì

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi, etí mi méjèèjì ni mo sì fi gbọ́ ọ. N kò lá a lálàá, ẹnikẹ́ni kò sì sọ ọ́ fún mi. Bernice, ọmọ kíláàsì mi tí a jọ wà níbẹ̀, ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé ní Ọ̀tan Ayégbajú títí dòní. Tí ẹ bá bi í, á sọ ohun kan náà fún yín.

Sàfúrátù ni orúkọ mi. Ìlá Ọ̀ràngún ni wọ́n bí mi sí. Tìjání ni bàbá mi, wọ́n ń ránṣọ lẹ́bàá ọjà. Ní ọdún 1995, mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú wa, iṣẹ́ ọnà ni mò ń kọ́. Àwọn aládùúgbò a máa bi bàbá mi pé kí ni ọmọbìnrin fẹ́ fi àwòrán yíyà ṣe. Èsì kan náà ni wọ́n máa ń fọ̀.

"Ọmọ Oyèlẹ́yẹ ni."

Oyèlẹ́yẹ ni bàbá tó bí bàbá mi. Agbẹ́gilére ni wọ́n. Wọ́n ti kú tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó bí mi. Bàbá mi ni ẹni àkọ́kọ́ tó kírun nílé wa, kò sì sí ère kankan nílé mọ́. Òpó kan ṣoṣo ló kù níwájú ilé. Àpá àáké tò sára òpó náà bí ìpẹ́ ẹja, kò sí èyí tó jìn ju ìkejì rẹ̀ lọ. Láti kékeré ni mo ti máa ń fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n bí èèyàn ṣe ń mọ ohùn ará ilé rẹ̀ nínú òkùnkùn.

Nígbà ọyẹ́ ọdún yẹn, olùkọ́ wa, Ọ̀gbẹ́ni Babáyẹmí, kó wa lọ sí Òṣogbo. Wọ́n ní kí a lọ fi ojú ara wa rí iṣẹ́ gidi, pé inú ìwé nìkan kò tó. Ìyáàfin Ọmọ́táyọ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n sọ òkè ilé wọn di gálárì, ibi tí wọ́n ń pàtẹ iṣẹ́ ọnà sí fún àwọn èèyàn láti wò. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ sókè ni wọ́n. Wọ́n fi okùn so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn.

Mo dúró níwájú àwòrán ọjà kan. Ọ̀dà rẹ̀ pọ̀, ó pupa, àfi bíi pé ó ń pariwo. Ó wù mí, ṣùgbọ́n kò bá mi sọ̀rọ̀. Mo wo bàbà kan tí wọ́n lù pẹlẹbẹ, tí ojú èèyàn ń yọ lára rẹ̀ ní méjì méjì. Mo gbóríyìn fún ẹni tó ṣe é nínú ọkàn mi. Síbẹ̀, ẹsẹ̀ mi kò dúró. Ó ń gbé mi lọ sí yàrá inú.

Fèrèsé kan ni yàrá náà ní, irin sì wà lójú rẹ̀. Ó tutù níbẹ̀. Òórùn igi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí ohunkóhun. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là.

Ère kan wà ní igun. Obìnrin kan ló kúnlẹ̀, ó pọn ọmọ. Ojú rẹ̀ tóbi, ó sì balẹ̀. Ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mọ́ rekete. Ṣùgbọ́n wọn kò parí rẹ̀. Kò ní etí òsì. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣì jẹ́ kùkùté igi. Ojú ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dán bí ẹyin, kò sí imú, kò sí ẹnu.

Mo yí lọ sẹ́yìn rẹ̀. Àpá àáké tò síbẹ̀ bí ìpẹ́ ẹja.

Orí mi wú. Gbogbo iṣẹ́ tí a ti rí láàárọ̀ yẹn, àlejò ni mo jẹ́ sí wọn. Níwájú èyí, mo di ọmọ onílé. Mo wo páálí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Agbẹ́gilére, a kò mọ̀ ọ́n. Ìlú, a kò mọ̀ ọ́n."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," mo wí, "bàbá tó bí bàbá mi ló gbẹ́ ère yìí."

Ìyáàfin Ọmọ́táyọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kí lo fi mọ̀?"

"Oyèlẹ́yẹ ni wọ́n ń jẹ́. Ará Ìlá ni wọ́n."

"Mo ní, kí lo fi mọ̀?"

Mo kọjú sí ère náà. Oríkì tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin fi máa ń kí wa láàárọ̀ ló bọ́ sí mi lẹ́nu.

"Oyèlẹ́yẹ, ọmọ agbẹ́gi-kígi-rẹ́rìn-ín. Ọmọ a-fàáké-kọ́gi-lọ́rọ̀. Igi dákẹ́ lóko, ó délé yín, ó fọhùn."

Kọ̀.

Gbogbo wa gbọ́ ọ. Kọ̀. Kọ̀. Bí irin ṣe ń bọ́ sára igi, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tí kò kánjú. Kì í ṣe ìta ló ti ń wá. Mo dákẹ́. Òun náà dákẹ́.

"Àwọn káfíńtà àdúgbò ni," Ìyáàfin Ọmọ́táyọ̀ wí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ti lọ sí kọ́kọ́rọ́ ọrùn wọn.

Mo jókòó, mo ya ère náà bó ṣe rí gẹ́lẹ́, láìní etí, láìní ọwọ́. Bernice dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó kọ̀, kò wọlé.

"Ó tó, Sàfú," ó wí. "Jẹ́ ká lọ."

Nígbà tí a padà dé Ìlá, Ọ̀gbẹ́ni Babáyẹmí lẹ àwòrán mi mọ́ ògiri kíláàsì. Wọ́n ní òun ló dára jù nínú gbogbo èyí tí a yà. Mo gbé orí sókè bí ẹni gba oyè.

Ọyẹ́ kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí Ìyáàfin Ọmọ́táyọ̀ wọ kíláàsì wa. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè wọ́n.

"Ta ni ọmọ Oyèlẹ́yẹ yẹn?"

Mo dìde. Wọ́n tú ìwé ìròyìn kan tí wọ́n ká sórí tábìlì. Èérún igi ló wà nínú rẹ̀, funfun, tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́. Òórùn igi tútù gba inú kíláàsì.

"Ère mi ti ní etí," wọ́n wí.

Wọ́n na ìka sí àwòrán mi lára ògiri. "Ẹ wò ó. Òun fúnra rẹ̀ ló yà á láìní etí. Òun ló ń sọ pé iṣẹ́ ilé wọn ni. Ta ni kí n tún bi?"

"Ilẹ̀kùn yín ńkọ́, mà?" Ọ̀gbẹ́ni Babáyẹmí bèèrè.

"Títì ló wà. Kọ́kọ́rọ́ kò kúrò lọ́rùn mi."

"Báwo ló ṣe wá wọlé?"

"Òun ni yóò sọ. Tí kò bá sọ, ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì ni n ó lọ bá."

Ọdún ìkẹyìn mi nìyẹn. Mo mọ̀ pé wọ́n lè lé mi.

"N kò dé Òṣogbo láti ọjọ́ yẹn, mà," mo wí. "Ọlọ́run gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, báwo ni etí náà ṣe rí?"

Ohùn wọn lọ sílẹ̀.

"Ó dára. Ó bá ìkejì rẹ̀ mu débi pé n kò mọ èyí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ mọ́."

Ẹ̀rù ń bà mí. Inú mi sì ń dùn. Àwọn méjèèjì jọ wà lọ́kàn mi, kò sí èyí tó lé ìkejì jáde.

Mo sáré lọ bá bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ń ran agbádá kan lọ́wọ́. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọn kò gbójú sókè, ẹsẹ̀ wọn ń tẹ ẹ̀rọ lọ. Ìgbà tí mo dé ibi ọmọ tó wà lẹ́yìn obìnrin náà ni ẹ̀rọ dúró.

"Ojú ọmọ náà ńkọ́?"

"Kò ní ojú, Bàbá. Ó kàn ń dán ni."

Wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n ká aṣọ oníbàárà, wọ́n dé fìlà, wọ́n sì ti ṣọ́ọ̀bù. Lọ́sàn-án gangan.

Lọ́jọ́ kejì, àwa márùn-ún la gun òkè ilé náà ní Òṣogbo: Ìyáàfin Ọmọ́táyọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Babáyẹmí, Bernice, bàbá mi àti èmi. Oòrùn ń ràn. A ń gbọ́ àwọn ọmọ tó ń ṣeré ní ìta. Bí a ṣe dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó lọ sí yàrá inú, a kò gbọ́ ariwo wọn mọ́.

Kọ̀. Kọ̀. Kọ̀.

A dúró. Ó dáwọ́ dúró díẹ̀. A gbọ́ èémí ẹnìkan, fùù, bí ẹni tó ń fẹ́ èérún kúrò lójú iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ìyáàfin Ọmọ́táyọ̀ bọ́ okùn kúrò lọ́rùn. Kọ́kọ́rọ́ kò ríhò wọ̀. Bàbá mi rọra gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn.

"Àsàláámù àláékún," wọ́n wí.

Kò sẹ́nìkan nínú yàrá. Ìyẹ̀fun igi ń fò nínú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Irin fèrèsé wà níbi tó wà. Obìnrin náà kúnlẹ̀ ní igun pẹ̀lú etí rẹ̀ méjèèjì. Ọwọ́ tó jẹ́ kùkùté ti ní ìka. Èékánná wà lórí àwọn ìka náà.

"Nígbà tí mo kúrò nílé láàárọ̀," Ìyáàfin Ọmọ́táyọ̀ wí, "kò sí ìka níbẹ̀." Wọn kò wojú mi mọ́.

Bàbá mi kò fọwọ́ kan ère náà. Wọ́n dúró síwájú rẹ̀, wọ́n sì sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń dáhùn ìbéèrè.

"Ìyá mi nìyí. Èmi ni mo wà lẹ́yìn wọn. Èmi kò tíì rìn nígbà tí àìsàn dá bàbá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ìyá mi sọ fún mi pé lórí ẹní tí wọ́n kú sí, àáké ni wọ́n ń bèèrè. Kí a tó sin wọ́n tán, oníṣòwò kan ti gbé ère náà lọ."

"Ẹ gbé e," Ìyáàfin Ọmọ́táyọ̀ wí. "Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ gbé e lọ sí Ìlá lónìí."

Mo ti ń rí i níwájú ilé wa, tí gbogbo àdúgbò ń wá wò ó. Ṣùgbọ́n bàbá mi mi orí.

"Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, a kì í gbé igi kúrò níwájú rẹ̀. Ẹ kàn bá wa tún orúkọ kọ."

Ìyáàfin Ọmọ́táyọ̀ já páálí àtijọ́ kúrò, wọ́n fún mi ní tuntun. Mo kúnlẹ̀ kí n tó kọ ọ́. N kò yára. Mo fi ọwọ́ mi tó dára jù kọ ọ́: "Oyèlẹ́yẹ, agbẹ́gilére, Ìlá Ọ̀ràngún." Bàbá mi kà á, wọ́n tún un kà. Wọ́n nà ró bí n kò ṣe rí wọn rí, ọkùnrin tí iṣẹ́ ìránṣọ ti mú kí ẹ̀yìn wọn tẹ̀.

Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí wọ́n gbé àga fún àwọn.

"Ojú mi ló kù," wọ́n wí. "Bàbá mi kò tíì rí i dáadáa. Ẹ jáde, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn."

"Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀."

"Sàfúrátù, bàbá mi ni."

A ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. A jókòó sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́, a kò gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, kọ̀. Kọ̀. Ó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ báyìí, bí ẹni tó dé ibi tó ṣòro. Ohùn bàbá mi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń dárúkọ àwa ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbọ́ orúkọ mi. Mo gbọ́ tí wọ́n ní, "Òun náà ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ ọnà."

Ohùn mìíràn dáhùn.

Ó lọ sílẹ̀, kò já gaara, bí ohùn ẹni tó fi eyín di ọ̀bẹ mú. N kò gbọ́ ohun tó sọ. Bernice ń ka sáàmù sínú. Ọ̀gbẹ́ni Babáyẹmí fi orí ti ògiri, wọ́n di ojú. Nígbà tí ladáánì pe ìrun alásárì ní mọ́ṣáláṣí ìsàlẹ̀, ìró àáké dúró. Nígbà tó pè é tán, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Oòrùn ti kúrò lára ògiri kí bàbá mi tó kan ilẹ̀kùn. Mo ṣí i. Ìyẹ̀fun igi wà lórí fìlà wọn, ó wà léjìká wọn. Ojú wọn rí bí ojú ẹni tó jẹun yó. Mo na ọrùn láti wo ère náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti fa ilẹ̀kùn padé.

"Ẹ má tíì wò ó," wọ́n wí. "Ó ku díẹ̀."

Ìyáàfin Ọmọ́táyọ̀ kò dárúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì mọ́. Wọ́n sìn wá dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì kúnlẹ̀ kí bàbá mi. A wọ táásì. A kọjá Ìkìrun. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

"Bàbá, kí ni wọ́n sọ fún yín?"

Wọ́n ń wo oko tó ń kọjá lójú fèrèsé ọkọ̀.

"Bàbá mi ní mo ti dàgbà ju àwọn lọ."