Ìmòòkùn Méjì Tó Kù

Ìwé ńlá kan la tẹ́ sórí tábìlì ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Farabalẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, a fi òjé mẹ́rin tẹ igun rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí fáànù má baà gbé e lọ. Àwòrán ọkọ̀ ojú omi kan ló wà lórí rẹ̀, ọkọ̀ gìrìwò tó ti rì kí wọ́n tó bí ìyá ìyá mi, tó ṣì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sísàlẹ̀ òkun títí dòní. Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pè é. Àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri ilé ìwé wa, ó wà lára páálí bisikíìtì pàápàá. Àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò ó. Èmi tí mo ń gbé ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń fi wákàtí kan péré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mi ò tíì fojú kàn án rí.

"Tí a bá dé ibí," Àǹtí fi pẹ́ńsù kan ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà, "méjì méjì la ó máa wọlé. Tí ẹnì kejì rẹ bá yí padà, ìwọ náà yí padà. Mi ò fẹ́ mọ̀ bóyá o ti rí nǹkan tó o fẹ́ rí."

Orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ nílé yàtọ̀, ṣùgbọ́n "ẹ fara balẹ̀" ni Àǹtí fi ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀, kódà bí wọ́n bá ń pe èèyàn wá jẹun. Àwọn ló ń kọ́ wa ní ìmòòkùn, ká gbé sìlíńdà afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, ká máa mí nísàlẹ̀ omi bí ẹni tó wà ní pálọ̀. Èmi ni wọ́n fún ní iṣẹ́ ètò ìrìn àjò náà: ta ni yóò bá ta ni lọ, ta ni yóò gbé kí ni, aago mélòó la ó wọ omi, aago mélòó la ó jáde. Mo kọ ọ́, mo tún un kọ, mo fi rúlà fàlà sí i. Èèyàn mẹ́fà ni ọkọ̀ lè gbà, èmi sì ni ẹnì kẹta lórí ìwé.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo wa la ní ìwé ìmòòkùn. Gbogbo ìgbà tí èèyàn bá wọ omi, ó gbọ́dọ̀ kọ ọjọ́ síbẹ̀, kó kọ ibi tó jìn dé, kó kọ ohun tó rí, kí ẹnì kejì rẹ̀ fọwọ́ sí i. Àǹtí kì í mú ẹni tí ìmòòkùn inú ìwé rẹ̀ kò bá pé mẹ́wàá dé ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà. Tèmi jẹ́ mẹ́jọ. Ìdánwò àṣekágbá gba Sátidé kan lọ́wọ́ mi, Sátidé kejì kàn lọ bẹ́ẹ̀ ni, mi ò tiẹ̀ rántí ohun tó gbà á. Ìrìn àjò ti ku ọ̀sẹ̀ kan, òjò sì ti da omi èbúté rú débi pé Àǹtí ní kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́.

Pẹ́pẹ́yẹ ni mo padà sọ fún. Ọ̀rẹ́ mi ni, òun sì ni ẹnì kejì mi nínú omi. Ìgbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ni a fún un lórúkọ yẹn, torí pé gbogbo bó ṣe ń tiraka láti rì, ńṣe ló ń léfòó, tó ń fi bàtà lẹbẹ́ rẹ̀ tó fẹ̀ bí ìrù ẹja gbá omi káàkiri, títí Àǹtí fi fi òjé méjì kún ìgbànú rẹ̀. Ìwé tiẹ̀ ti pé mẹ́wàá. Tí mi ò bá lọ, òun náà kò ní ẹni tó máa bá wọlé.

"Kọ méjì tó kù síbẹ̀, mà á fọwọ́ sí i," ló wí. "Ẹ̀gbẹ́ èbúté náà kọ́? Kí la ń rí níbẹ̀ ju ẹrẹ̀ àti táyà lọ?"

Mo ní rárá. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo ti mú bírò. Mo mú Sátidé méjì nínú kàlẹ́ńdà, mo kọ mítà mẹ́jọ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì kọ ọ́ pé mo rí akàn kan nínú táyà. Akàn yẹn wú mi lórí. Mo rò pé kò sẹ́ni tó máa rí akàn tí yóò tún bèèrè ìbéèrè.

Lọ́jọ́rú, Àǹtí gba ìwé gbogbo wa láti yẹ̀ ẹ́ wò. Bàámi wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń so bẹ́líìtì ẹ̀rọ tó ń rọ afẹ́fẹ́ sínú sìlíńdà. Àwọn ló ń tún ẹ̀rọ náà ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀gá ni Bàámi nídìí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n omi tó bá ti kọjá orúnkún, wọn ò wọ̀ ọ́. Àǹtí ṣí ìwé mi, wọ́n ń kà á síta pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Ìkẹsàn-án. Sátidé ọjọ́ kejìlá. Mítà mẹ́jọ. Akàn kan nínú táyà."

Bàámi gbórí sókè. Inú wọn dùn, torí wọ́n ti rí àyè láti yin ọmọ wọn. "Ọjọ́ kejìlá kẹ̀? Ọjọ́ yẹn, gbogbo inú ẹ̀rọ yìí wà lórí tábìlì wa nílé. Òun gan-an ló bá mi fi bíróòṣì fọ̀ ọ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ bi í léèrè."

Ìgbà yẹn ni mo tó rántí ohun tó gba Sátidé mi. Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni a fi gbé àwo lé itan jẹun nítorí ẹ̀rọ yẹn. Gbogbo sìlíńdà ṣọ́ọ̀bù ló ṣófo. Mo ti ro ti ìdánwò, mo ti ro ti òjò, mi ò ro ti ẹ̀rọ rárá, èmi ọmọ ẹni tó ń tún un ṣe. Bàámi wo ojú mi, wọ́n wo ìwé, wọ́n sì rọra gbé sípánà sílẹ̀.

Pẹ́pẹ́yẹ ti gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ wọn lẹ́nu. Ó ní a ti tọ́jú sìlíńdà méjì sílẹ̀ kí ẹ̀rọ tó dákẹ́. Ó sọ ọ́ láìwo ilẹ̀, ó sì ṣeé gbà gbọ́. Àǹtí ò wò ó. Èmi ni wọ́n ń wò.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Bí mo bá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó ti parí. Mà á bá wọn lọ ní Sátidé. Ṣùgbọ́n Bàámi dúró síbẹ̀ pẹ̀lú gírísì lọ́wọ́, mo sì mọ̀ pé bí mo bá mi orí, àwọn náà á dákẹ́ nítorí mi, wọn á sì ti tipasẹ̀ mi di onírọ́. Ara mi ò gbà á.

"Rárá, mà," ni mo wí. "Mi ò wọ omi. Mẹ́jọ ni tèmi."

Àǹtí ò pariwo. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo. Wọ́n fa ìlà kan la ojú ìwé méjèèjì já, wọ́n kọ "Kò ṣẹlẹ̀" sí ìsàlẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí i. Wọ́n ní kí n yọ èmi àti Pẹ́pẹ́yẹ kúrò nínú ètò, nítorí ẹni tó fọwọ́ sí irọ́ kò lè jẹ́ ẹnì kejì ẹnikẹ́ni. Wọ́n wá ní àwọn ò lé wa: bí omi bá ti mọ́, ká wá, àwọn fúnra wọn máa bá wa wọ méjì tó kù. Mo fi rọ́bà pa wá rẹ́ lórí ìwé tí mo fi rúlà fàlà sí.

Ní Sátidé, mo bá àwọn tó lọ gbé sìlíńdà sínú ọkọ̀, mo ka ètò mi fún wọn, mo sì dúró lórí èbúté títí mi ò fi rí ọkọ̀ náà mọ́. Mo sunkún. Pẹ́pẹ́yẹ kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Nílé, Bàámi ń jẹun láìwo ojú mi, mo rò pé ìbínú ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, omi mọ́. Àǹtí kó àwa méjèèjì wọ ẹ̀gbẹ́ èbúté fún ìkẹsàn-án mi. Pẹ́pẹ́yẹ wà níwájú mi, a ò tíì dé mítà mẹ́jọ tó fi yí padà lójijì. Bàtà lẹbẹ́ rẹ̀ gbá mi lójú, awò tó bo ojú àti imú mi sì ṣí kúrò. Omi iyọ̀ ya wọ imú mi. Mi ò ríran mọ́. Gbogbo ohun tí Àǹtí kọ́ mi fò lọ, ohun kan ṣoṣo ló kù: kí n sáré jáde. Mo ti di èémí mú, mo ti ń tapá tẹsẹ̀ lọ sókè. Àǹtí ti kọ́ wa pé ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè ya.

Ọwọ́ kan gbá okùn èjìká mi mú. Ọwọ́ kejì tẹ́ sí mi láyà, ó rọra ń tẹ̀ ẹ́: mí síta, mí sínú, mí síta. Rọ́bà afẹ́fẹ́ ṣì wà lẹ́nu mi, ohun tó dà bí ọdún kan ni mo sì fi mí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, Àǹtí fi awò lé mi lọ́wọ́, mo wọ̀ ọ́, mo fi imú fẹ́ omi inú rẹ̀ dànù bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Nígbà tí mo lajú, Àǹtí wà níwájú mi. Pẹ́pẹ́yẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ojú rẹ̀ tóbi nínú awò tiẹ̀.

A jókòó sórí èbúté. Pẹ́pẹ́yẹ ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó ní ká ní inú Ìyá Àgbà la ti wà, irin ni ì bá wà lórí wa, kò sí òkè tí èèyàn lè sáré lọ, òun nìkan ni ì bá sì wà lọ́dọ̀ mi. Ó ní òun kì bá tí mọ ohun tí òun máa ṣe. Ó dì mọ́ mi, ó tọrọ àforíjì, èmi náà sì tọrọ tèmi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Àǹtí títí wọ́n fi ní kí n fara balẹ̀.

Nígbà tí a wọ ìkẹwàá, mo ṣí awò mi fúnra mi nísàlẹ̀ omi, mo sì wọ̀ ọ́ padà, ẹ̀ẹ̀mẹta. Akàn kan wà nínú táyà lóòótọ́. Mo rẹ́rìn-ín débi pé omi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ mí lẹ́nu.

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni mo rí Ìyá Àgbà. Ó yọ sí wa díẹ̀díẹ̀ nínú omi aláwọ̀ búlúù, ó tóbi, ó dákẹ́, ẹja kéékèèké ń gba ojú fèrèsé rẹ̀ wọlé, wọ́n ń gba òmíràn jáde. Mo wọ ihò yẹn pẹ̀lú Pẹ́pẹ́yẹ, irin wà lókè orí mi, ọkàn mi sì balẹ̀.

Nígbà tí mo délé, Bàámi ní kí n mú ìwé wá. Wọ́n fọ ọwọ́ wọn, wọ́n jókòó sídìí tábìlì ìjẹun, wọ́n ń fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ mi láti ojú ìwé kìíní. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí Àǹtí fàlà sí, wọ́n dúró.

"Èmi ni mo ba ìrìn àjò yẹn jẹ́ fún ọ," ni wọ́n wí. "Àtìgbà náà ni mi ò ti lè wo ojú rẹ."

Mo ti rò pé wọ́n ń bínú sí mi ni. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn. Mo sọ ti bàtà tó gbá mi lójú fún wọn, mo sọ ti èémí tí mo dì mú, ohun tí mi ò tíì sọ fún wọn láti ọjọ́ náà. Mo ní ìmòòkùn méjì tí mo fẹ́ fi bírò jí ni ibi tí mo ti kọ́ ohun tí àìmọ̀ rẹ̀ ì bá pa mí. Mo ní ìwé lè gba irọ́, omi ò gbà á.

"Ẹ ò ba nǹkan kan jẹ́," ni mo wí. "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ fà mí jáde."

Bàámi ṣí ojú ìwé tó kàn, wọ́n sì ní kí n ka ti akàn tòótọ́ yẹn fún àwọn.